Ẹ̀rọ Inú Yàrá Baba Adétóyè

Ọdún kọkànlá rèé tí Rùkáyàt ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan tó wà lẹ́yìn ìlú Ọ̀fà, lójú ọ̀nà Ojoku. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, kò sì tóbi. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni obìnrin yìí, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ́ràn ariwo. Ọkọ rẹ̀, Taofeek, ń wa bọ́ọ̀sì láti Ọ̀fà sí Ìlọrin. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Nílé, ṣíbí àti ọ̀bẹ kì í bá ara wọn gbé inú abọ́ kan náà. Níbi iṣẹ́, gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló ní bébà pélébé lára, tí ó kọ ibi tí wáyà náà ń lọ sí. Àwọn tó jù ú lọ ń pè é ní Rùká, àwọn tó kéré sí i ń pè é ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà.

Ní Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí páásíwọ́ọ̀dù gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi wọ ẹ̀rọ kan, ó sì yí máàkì ara rẹ̀ padà. Wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí páásíwọ́ọ̀dù tí ó lò, òun kan náà ni àwọn tó ta kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ fi sára gbogbo ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì tó wà níbẹ̀. Alhaja Sherifat, akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́, ránṣẹ́ pe Rùkáyàt.

"Rùká, báwo la ṣe máa ti ilẹ̀kùn yìí?"

"Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn sábẹ́ dóménì, mà."

"Kí ni ìyẹn?"

Rùkáyàt ṣàlàyé fún wọn. Bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe wà nígbà yẹn, wọ́n dà bí ilé mọ́kànlélógójì tí wọ́n kọ́ káàkiri inú oko, tí oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde. Dóménì ni agbo ilé tí a mọ odi yí ká. Ẹnu-ọ̀nà kan ló ní. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà, òun ló ń yẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ó ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀rọ kan bá sì ti wọ inú agbo tán, àkáǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ parẹ́, kí ẹnì kankan má baà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Ṣé wàá máa lọ láti yàrá dé yàrá ni?"

"Rárá, mà. Orí àga mi ni n ó ti ṣe é. Gbogbo wọn ló wà lórí wáyà kan náà."

"Kó ti parí kí Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tó pé o. Àwọn tó fẹ́ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ń bọ̀."

Rùkáyàt kọ ìwé sí gbogbo ẹ̀ka. Ó ní kí oníkálukú kọ́pì ohun tó ṣe pàtàkì sí fúláàṣì, kí wọ́n sì sọ fún òun bí nǹkan kan bá wà lára ẹ̀rọ wọn tó yẹ kí òun mọ̀. Gbogbo wọn ló fèsì, àfi Baba Adétóyè. Kò sí ẹni tó bínú sí wọn, nítorí ọjọ́ tí ìwé náà jáde gan-an ni ìyàwó wọn kú.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Baba Adétóyè kí wọ́n tó wá síbí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, ẹni tí kì í pẹ́ lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣàkọsílẹ̀ wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lò ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù á fọwọ́ sí káàdì, Baba á tẹ ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì kó káàdì sínú páálí. Ní Oṣù Kẹjọ tó kọjá, ìjì ká òrùlé yàrá tí páálí wọ̀nyí wà, òjò sì sọ gbogbo káàdì di ẹ̀kọ. Láti ìgbà náà, inú ẹ̀rọ Baba nìkan ni wákàtí àwọn ọmọ wà. Baba kì í lo fúláàṣì. Wọ́n ní ohun tó lè bọ́ nínú àpò ṣòkòtò kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi ayé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní ìpele àṣekágbá lọ́dún yìí. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún wọn gbọ́dọ̀ rí wákàtí wọn gbà kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹwàá. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò bá wọlé kò ní jókòó ṣe ìdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Khàdíjàt, ọmọ Ilemona, tó fi ọdún méjì sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ kó tó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ilemona ti ní àwọn ó gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní dúró dè é kọjá Oṣù Kìíní. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá bèèrè lọ́wọ́ Rùkáyàt bóyá Baba ti fi orúkọ òun ránṣẹ́.

"Ní kété tí Baba bá dé ni," ni Rùkáyàt wí fún un. "Wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó kù kí wọ́n fi ránṣẹ́."

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n sin Mama, àwọn òṣìṣẹ́ lọ kí Baba nílé. Alhaja ló ṣáájú. Rùkáyàt tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú Jàmíù tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìdánwò. Wọ́n bá Baba lórí àga nínú pálọ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, ìwé orin wà lórí itan wọn.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Baba," ni Alhaja wí. "Ọlọ́run yóò tù yín nínú."

"Àmín. Ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà kò ní rí àdánù."

Gbogbo wọn jókòó. Jàmíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mama ò jẹ́ kí n gbádùn nígbà ayé wọn, sà. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, 'Jàmíù, ikùn yìí mà tún ti yọ sí i, ìgbà wo la máa sọ ọ́ lórúkọ?'"

Baba rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú wọn. Wọ́n wá yíjú sí Rùkáyàt. "Rùká, iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ń tún àwọn ẹ̀rọ tò."

Ìbéèrè wà lẹ́nu Rùkáyàt. Òun gan-an ló jẹ́ kó tètè wọṣọ láàárọ̀ yẹn. Ó fẹ́ bèèrè bóyá nǹkan kan wà lára ẹ̀rọ Baba tó yẹ kí òun mọ̀ kí òun tó fọwọ́ kàn án. Ó wo Alhaja, Alhaja wo ilẹ̀. Ó wo àwòrán Mama lára ògiri, òdòdó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ ń lọ, sà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìdààmú bá yín. N ó bá yín tò ó. Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ ó ṣe bá a."

"Ó dáa, ọmọ mi. Mo fi lé ọ lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n jáde, Jàmíù bi í lójú títì pé, "O ò wá bi wọ́n mọ́?"

"Ṣé ilé ọ̀fọ̀ lo fẹ́ kí n ti máa bèèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?"

"Èmi náà ò lè bèèrè. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n á ní irú ọmọ wo la jẹ́."

Nígbà tó fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ogójì ẹ̀rọ ti wọ inú agbo. Ti Baba nìkan ló kù. Yàrá wọn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn nílé, Rùkáyàt kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ gbà á. Kò nílò rẹ̀. Irú ìpè kan wà tí alákòóso lè fi ránṣẹ́ lórí wáyà, tí ẹ̀rọ tó ń sùn yóò jí. Ó fi ìpè náà ránṣẹ́. Ní òdìkejì pápá, nínú yàrá tí kò sí ènìyàn, ẹ̀rọ Baba jí.

Ó fi páásíwọ́ọ̀dù àwọn tó ta ẹ̀rọ wọlé. Ó kọ orúkọ ẹ̀rọ, ó kọ orúkọ dóménì, ó fi orúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso sí i, ó sì ní kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀ kó tún tan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, sáfà dáhùn pé òun ti gbà á wọlé. Ó dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ fún Baba, ó kó gbogbo ìwé tó wà nínú àkáǹtì àtijọ́ síbẹ̀. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ó kà wọ́n kó tó kó wọn, ó tún wọn kà lẹ́yìn tó kó wọn tán. Iye wọn pé.

Ní ti ogójì ẹ̀rọ tó ṣáájú, Rùkáyàt máa ń ṣí ìwé kan tàbí méjì wò, kó lè rí i pé wọ́n ṣeé kà. Kò ṣí ti Baba. Ó rí i bí ìgbà tí ọmọdé bá wọ yàrá àgbàlagbà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń tú àpótí rẹ̀. Wíwọlé tí òun wọlé ti tó, ni ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó wá pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn tó wá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò dé ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n yin iṣẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Baba padà wọṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí àjọ dá ti ń sún mọ́. Rùkáyàt fún wọn ní páásíwọ́ọ̀dù tuntun nínú àpòòwé tó lẹ̀ pa. Kò tí ì jókòó padà tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Rùká, mo rí orúkọ gbogbo ìwé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó ṣí, ó ní àyè ò gbà mí."

Rùkáyàt sọdá pápá. Ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó sì rí àwòrán àgádágodo kékeré lára orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ láti orí àga rẹ̀, orúkọ nìkan ló rí; àṣẹ tí a ń kọ kì í fi àwòrán hàn.

"Sà, ta ló ti àwọn ìwé yìí?"

"Èmi ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ tó yí máàkì yẹn. Wọ́n kọ́ wa níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọrin. Wọ́n ní bí olè bá tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ, kò ní lè ka nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ síbì kankan?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo? N kì í tẹ nǹkan kan. Bí mo bá ti wọlé, ó ti ṣí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àkáǹtì àtijọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń lò ó fún Baba láìsọ. Alákòóso lè gbé ìwé tí a tì láti ibì kan sí ibòmíràn, bí ènìyàn ṣe lè gbé àpótí tí a tì. Kò ní ṣí nítorí pé ó gbé e. Àkáǹtì tí Rùkáyàt sì pa rẹ́ lẹ́yìn tó gbé àpótí tán, inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Kò sọ èyí fún Baba. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, sà," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó tú dísìkì tí gbogbo ìwé wà nínú rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ náà, ó wọ bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan ní Ìlọrin tó máa ń bá ènìyàn wá ohun tó parẹ́. Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà fi wò ó.

"Irú dísìkì tuntun ni, mà. Bí ẹ bá ti pa nǹkan rẹ́ lára ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á gbá ojú ibẹ̀ mọ́. Ká ní ti àtijọ́ ni, bóyá. Ẹ má sùn síta nítorí ẹ̀, ẹ máa lọ sílé."

Kó tó padà dé Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ti gba ilé-ẹ̀kọ́ kan. Jàmíù ló sọ ọ́ fún un.

"Wọ́n ní Baba ló mọ̀ọ́mọ̀ tì í. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọdún kan kún iṣẹ́ àwọn, tí àwọn ọ̀gá ò gbà? Àwọn ènìyàn ní Baba fẹ́ kó ṣòro fún wa tí wọ́n bá lọ ní Oṣù Kejìlá."

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni ò sọ ọ́? Àwọn ọmọ gan-an ò kí wọn mọ́. Khàdíjàt yẹn gba iwájú wọn kọjá lánàá bí ẹni tó rí ògiri."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Alhaja Sherifat pè é, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Rùkáyàt ti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀. Alhaja kò bínú. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

"Àwọn ọ̀gá máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Baba ń lọ sílé, Rùká. Oṣù méjì péré ló kù fún wọn. Ìwọ ṣì ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Jálẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀, ó rò ó pé òun yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe dé yàrá ìpàdé ní Ọjọ́ Ajé, ó rí Baba lórí àga kan tí wọ́n gbé síwájú tábìlì, lọ́tọ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Aṣọ dúdú kékeré ti ọ̀fọ̀ wà lápá wọn. Alága ìpàdé náà bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n ti ìwé náà. Wọ́n ní àwọn ni. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní rárá, pé kò sí ẹni tó bèèrè.

"Baba kọ́," ni Rùkáyàt wí. Ó ti dìde kó tó mọ̀. "Èmi ni. Mo pa àkáǹtì wọn rẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, láago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ sáfà, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò ṣí ìwé kankan wò kí n tó pa á rẹ́."

Baba yí àga wọn padà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kọjú sí i.

"O wá sílé mi ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo bi ọ́ nípa iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú ọ̀fọ̀ lẹ wà. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

"Rùká, ìyàwó mi ló kú. Ẹnu mi ò kú."

Àwọn ọ̀gá ní kí Rùkáyàt lọ dúró sílé bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá, títí wọn yóò fi pinnu ohun tí wọn ó ṣe sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí àjọ ti ìforúkọsílẹ̀. Baba ló ní kí wọ́n pín káàdì òfìfo fún àwọn ọmọ, kí wọ́n padà lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un fọwọ́ sí, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ wọ́ọ̀dù lé e. Rùkáyàt bá wọn lọ. Ó ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ nínú àpò rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ sí i kíákíá. Àwọn kan ní àwọn kò rántí ojú ọmọ náà, àwọn kò sì lè fọwọ́ sí irọ́. Ọ̀kan ti kú. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ sí òkè òkun. Aṣọ iṣẹ́ wọn nìkan ló kù lára ìṣó ní yàrá ìsinmi. Nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí wákàtí ìgbẹ̀bí fún Khàdíjàt wà ní ìlú Ọba. Rùkáyàt fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìgbà kẹrin, ó dáhùn pé òun rántí ọmọ náà dáadáa, ọmọ tó mọṣẹ́ ni, ó sì ya àwòrán ìwé kan tí òun fọwọ́ sí ránṣẹ́. Àjọ kò gba àwòrán tí kò ní òǹtẹ̀, olórí wọ́ọ̀dù tuntun kò sì gbà láti lu òǹtẹ̀ lé ohun tí kò ṣojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, Baba àti Rùkáyàt jókòó nínú yàrá Baba láti àárọ̀. Baba ń ka káàdì, Rùkáyàt ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, àwọn míì lórí ilẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ojú ìwé àjọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pa dé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wọlé.

"Ta ló máa sọ fún wọn?" ni Baba bèèrè.

"Èmi ni, sà."

Ó jáde. Ó ka orúkọ àwọn tó wọlé. Àwọn mẹ́rìndínlógójì tó kù wò ó. Ó ní ìwé wọn kò wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀, àti pé kì í ṣe Baba ló fà á, òun ni. Ọmọkùnrin kan jókòó padà sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, mà." "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Khàdíjàt kò kí i. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ tán.

"Ilé ìgbẹ̀bí yẹn ò ní dúró dè mí," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Àǹtí, ẹ bá mi mú káàdì mi wá. Títí kan àwòrán tí nọ́ọ̀sì yẹn fi ránṣẹ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lọ́wọ́ ara mi ni n ó ti máa tọ́jú ẹ̀ láti òní lọ."

Rùkáyàt wọlé padà lọ mú un.